Lámúrúdu àti Mẹ́kà: Ta Ni Yóò Túmọ̀ Ìtàn Wa?

 

Ẹ̀yin àáfà, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi fúnra mi ti ṣì í sọ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe wáàsí, mo máa ń wí lórí mímbárì pé ọmọ ọba Mẹ́kà ni Odùduwà, pé Lámúrúdu ni bàbá rẹ̀, nítorí náà ẹ̀sìn Ìsìláàmù kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Àwọn èèyàn a ké Allāhu Akbar, inú mi a sì dùn. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni olùkọ́ kan bi mí pé tírà wo ló wí bẹ́ẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Tírà tó sún mọ́ ọn ni Infāq al-Maysūr tí Muhammad Bello, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, kọ ní èdè Lárúbáwá ní 1812. Ó ní ìyókù àwọn ọmọ Kánáánì ni Yorùbá, láti inú ẹ̀yà Nímírúdù, tí Ya'rub ọmọ Qahtan lé kúrò. Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Sókótó ní 1824, ó gba díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Bello lọ sílé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1826. Lẹ́yìn náà ni Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, kọ ìtàn Yorùbá. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé ọwọ́ rẹ̀ sọnù, òun náà kú ní 1901; àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò, tó fi jáde ní 1921.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú ìtàn tí Johnson kọ sílẹ̀. Odùduwà sọ mọ́sálásí ìlú di ilé òrìṣà. Asara ni àwòrò rẹ̀, òun ló ń gbẹ́ ère. Asara bí Braima, ọmọ yìí ló ń bá bàbá rẹ̀ ta ère. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ọkùnrin ìlú lọ sígbó ọdẹ, Braima mú àáké, ó fọ́ gbogbo ère, ó fi àáké kọ́ èyí tó tóbi jù lọ́rùn. Wọ́n bi í léèrè, ó ní kí wọ́n bi ère ńlá náà. Ni wọ́n bá kó ẹgbẹ̀rún ẹrù igi jọ pẹ̀lú ìkòkò epo láti fi sun ún.

Ọmọ kéwú wo ni kò mọ ìtàn yìí? Ìtàn Ànábì Ibrahim gan-an ni! Azar ni Asara, Ibrahim ni Braima, Namrud ni Lámúrúdu. Ẹni tí kò kọ́ Lárúbáwá lè ka Johnson lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó má fura. Ẹni tó sì jẹ́ kéwú nìkan ló kọ́, bí èmi ìgbà yẹn, yóò fura, yóò wá sọ pé ẹ̀rí Mẹ́kà nìyẹn. Àwọn àáfà àtijọ́ ò purọ́ o. Wọ́n bá ìran kan pàdé, wọ́n wá àyè fún un nínú ìtàn tí wọ́n mọ̀.

Johnson fúnra rẹ̀ kò gbà pé Mẹ́kà la ti wá, bẹ́ẹ̀ orúkọ rẹ̀ la fi ń gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. (Ojú-ìwé yẹn, a kì í kà á.) Ó ní gbogbo ohun tó bá ti ìlà-oòrùn wá, Mẹ́kà ni àwọn baba wa ń pè é. Ṣùgbọ́n òun náà jẹ́ pásítọ̀: apá Íjíbítì àti Núbíà ló tọ́ka sí, ó sì rí àmì ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì níbẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí àwọn orí alámọ̀, ó ní iṣẹ́ Atlantis àwọn Gíríìkì ni. Kálukú rí ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí mo jókòó ti àwọn onímọ̀ èdè ni mo tó rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ẹnu wa, àlàáfíà, àlùbáríkà, wákàtí, sẹ́ríà, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ti òwò àti ti ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀nà Haúsá àti Songhay ni ọ̀pọ̀ sì gbà wọlé. Omi, ọwọ́, ojú kò jọ ti Lárúbáwá rárá. Ígálà àti Itsekiri ni ìbátan èdè wa. Àwọn awalẹ̀-wá-ìtàn tí Thurstan Shaw ṣáájú sì hú egungun èèyàn ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, ní 1965. Ó ju ẹgbàárùn-ún ọdún lọ. N kò sọ pé Yorùbá ni ẹni náà ń sọ o, egungun kì í sọ̀rọ̀. Ohun tó fi hàn ni pé èèyàn ti ń gbé ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí Ànábì Ibrahim.

Ẹ má sọ pé ìmọ̀ òyìnbó nìyí. Al-Bīrūnī, mùsùlùmí, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀, kọ tírà lórí Íńdíà ní nǹkan bí 1030. Ó kọ́ èdè Sanskrit, ó bá àwọn ọ̀mọ̀wé wọn jókòó, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ nípa ara wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, láìfi ẹ̀sìn tirẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe níwájú jàmáà, Alhaji àgbàlagbà kan dìde, ó ní, "Àáfà, ẹ ti gba Mẹ́kà lọ́wọ́ wa." Mo ní, "Bàbá, hájì yín ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un wò: inú ìran ta ni tírà yẹn kà wá mọ́? Ṣé ti Ibrahim ni, àbí ti Nímírúdù tó fẹ́ sun ún?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.