Omi Ẹ̀rọ àti Owó Omi ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, omi dá ìjà ńlá sílẹ̀ ní Èkó láàárín ìjọba àti ará ìlú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí ìjà náà yóò kọ́kọ́ wo irú omi tí àwọn baba wa ń mu.

Ọ̀sà yí erékùṣù Èkó ká, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í jẹ́ kí omi rẹ̀ ṣeé mu. Kànga àti omi òjò ni àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àyíká Ìgá Ìdúngànrán tí í ṣe ààfin ọba, gbójú lé. Kànga wọ̀nyí kò jìn, ilé sì há mọ́ra. Nítorí náà ẹ̀gbin a máa rọrùn láti dé inú omi.

Omi títà kò ṣàjèjì ní ìlú náà. Cândido da Rocha, ọmọ Àgùdà kan tí ó ti Brazil padà wálé, ń ta omi kànga ilé rẹ̀ ní òpópónà Kakawa, ìdí sì nìyí tí a fi ń pe ilé náà ní Water House. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ń rà. Ẹni tí kò bá fẹ́ a gba ìdí kànga tirẹ̀ lọ.

Ìjọba gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Wọn yóò fa omi odò láti Ìjú, lẹ́yìn Agége, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ tì í gba inú páìpù dé erékùṣù. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1910, ó sì parí ní ọdún 1915. Àṣírí irú ètò bẹ́ẹ̀ ni agbára ìtì: bí ibi tí omi ti ń sọ̀ kalẹ̀ bá ti ga tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tú jáde tó nígbà tí a bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Ẹni tí ń fi igbá àti okùn fa omi lánàá wá rí omi tí ń sáré tọ̀ ọ́ wá.

Ta ni yóò sanwó rẹ̀? Ìbéèrè yìí ti wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1908, nígbà tí Walter Egerton jẹ́ Gómìnà, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kànga àwọn tó àwọn í mu, wọ́n sì ní nítorí àwọn òyìnbó ni a ṣe ń gbé omi náà wá. Ní ọdún 1916, lábẹ́ Lugard, owó omi di dandan, rògbòdìyàn sì ṣẹ́. Èṣùgbàyí Elékòó, ọba tí ó wà ní Ìgá Ìdúngànrán, ìhà ará ìlú ni ó wà.

Ó yẹ kí a kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Àwọn tí ń ra omi lọ́wọ́ da Rocha kò bínú sí i, nítorí wọ́n lè kọ̀ ọ́. Owó omi kò rí bẹ́ẹ̀. A bù ú lé wọn lórí, kò sì sí aṣojú kankan tí wọ́n fi ìbò yàn ní ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọdún 1922 ni ìwé òfin Gómìnà Clifford tó fún Èkó ní ìjókòó 3 tí a ń dìbò fún. Kì í ṣe omi ni wọ́n kọ̀. Àìbéèrè lọ́wọ́ wọn ni.

Ìjà náà rọlẹ̀, omi Ìjú sì di omi gbogbo ènìyàn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ onílé ní Èkó ń gbẹ́ kànga jíjìn, wọ́n ń ra ẹ̀rọ afami, wọ́n sì ń gbé táńkì sórí òpó kí omi lè sáré dé yàrá òkè. Olúkúlùkù di ìjọba omi tirẹ̀, ó sì ń san owó tirẹ̀. Ohun tí gbogbo ìlú jọ jà lé lórí ní ọdún 1916 ti wá di ìnáwó tí olúkúlùkù ń dá ṣe nínú ọgbà rẹ̀.