Lotus Elise: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sórí pápá ìsáré

Ọdún 1996 ni Lotus gbé Elise jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alumíníọ̀mù ni egungun rẹ̀, nǹkan bíi 725 kílò ló sì wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí kò fi nílò ẹ́ńjìnnì ńlá.

Bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ọ́ìlì bíréèkì tó ti pẹ́ ti fa omi sára. Tó bá gbóná jù, á hó, ẹsẹ̀ yín á kàn rì wọlé, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí tuntun.

Táyà ńkọ́? Tó bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á le sí i. Ẹ wọ̀n ọ́n gbàrà tẹ́ ẹ bá kúrò lórí pápá, kẹ́ ẹ dín in kù. Àmọ́ ẹ dá afẹ́fẹ́ náà padà kẹ́ ẹ tó wà á relé o!