Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́, Ìpolówó Ọjà àti Ọ̀nà Ilé: Ìtàn Àwa Ará Barkin Sale

Nínú ìwé ìrántí wa yìí, a fẹ́ sọ ìtàn bí àwa tí a wà ní àjò ṣe ń ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ohun tí olùpolówó ń sọ fún wa, àti ohun tí àwa fúnra wa ń wò kí a tó san owó.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé ìhín. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1912, réluwéè ti ń ti Èkó gba Jẹ́bà àti Minna kọjá lọ sí Kánò. Ẹni tí ó bá fẹ́ relé nígbà náà, tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò rà. Mọ́tò ti ara ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù.

Ọdún 1975 ni nǹkan yí padà. Ìjọba san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, Minna sì di olú ìlú.

Àwọn olùpolówó kò sùn. Wọn a ya ọkọ̀ sí etí omi tàbí ẹsẹ̀ òkè, bàbá, ìyá àti ọmọ a máa rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ní 1900, ní ilẹ̀ Faransé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọ́n ń ṣe táyà, André àti Édouard Michelin, tẹ ìwé tí ó ń júwe ilé ìtura àti ibi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń fún àwọn onímọ́tò. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà, táyà rẹ̀ yóò jẹ, yóò sì ra òmíràn!

Àwa kò wo ẹ̀rín inú àwòrán. Ìbéèrè kan ni a ń bèèrè: ṣé yóò gbé wa gba Bídà, Mokwa àti Jẹ́bà dé Ìlọrin, kí ó sì tún gbé wa padà? Ẹnu aládùúgbò àti ẹnu mẹkáníìkì ni a gbà gbọ́. Báyìí ni Peugeot 504 ṣe gbayì, tí Ìjàpá tí kì í mu omi náà sì rí ẹni fẹ́ràn rẹ̀.

Láti 1986 tí owó náírà ti ń wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di àwòmọ́jú. A bọ́ sọ́wọ́ tòkunbọ̀. Ọ̀kan nínú wa ra èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹni tí ó tà á búra pé kò ní àléébù. Kí wọ́n tó dé Mokwa, ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹ̀bá ọ̀nà ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sùn. Láti ìgbà náà, a kì í ra ọkọ̀ láìmú mẹkáníìkì dání. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ṣùgbọ́n òwe yìí ń bá àwa náà wí. Ẹ wo owó ₦100 tí ó jáde ní 1999: Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó wà níwájú, Àpáta Zuma ti Ìpínlẹ̀ Niger sì wà lẹ́yìn. Àfi bí ẹni pé àwa gan-an ni wọ́n yà! Síbẹ̀, mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó ti fi ojú rí Zuma tàbí omi Gurara? Mélòó ni ó ti dé Olúmọ, Ìkògòsì, tàbí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005? Òkú àti ìgbéyàwó nìkan ni ọkọ̀ wa mọ̀. Òru ni a ń wọlé, ìdájí ni a ń jáde. Lójú ọmọ tí a bí sí Minna, ilé ti di ibi tí a ti ń sunkún tàbí ná owó.

A ṣe dáadáa tí a kò jẹ́ kí olùpolówó tàn wá. Ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà nínú àwòrán rẹ̀ tí a sọ nù: ó yẹ kí ọmọ gbádùn ọ̀nà.

A mọ̀ pé epo ti wọ́n gidigidi láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́, ọ̀rọ̀ ààbò ojú ọ̀nà sì ń kọ wá lóminú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn, kí a rìn ní ọ̀sán, kí a sì bèèrè ipò tí ọ̀nà wà kí a tó gbéra. Ẹni tí kò ní ọkọ̀, a lè jọ háyà bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a bá tún relé, kí a fi ọjọ́ kan ṣoṣo kún un, kí a fi ilẹ̀ baba wọn han àwọn ọmọ.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí Ọlọ́run máa mú wa lọ, kí ó máa mú wa bọ̀. Àmín.