Nígbà tí Òjé Kúrò Nínú Epo: Ìtàn Síìtì àti Gáìdì Fáàfù

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, ọdún 1921, ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà, Thomas Midgley tó ń bá General Motors ṣiṣẹ́ da èròjà olójé kan sínú epo bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnì tó ti ń kan gbà-gbà-gbà bá dákẹ́. Ìró yẹn ni òun àti ọ̀gá rẹ̀, Charles Kettering, ti ń wá oògùn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ fáàfù kò sí nínú ohun tí wọ́n ń wá. Síbẹ̀, òjé yìí ló dáàbò bo fáàfù ọkọ̀ káàkiri ayé fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 ni fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí tó sì ń dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Síìtì ni ibi tí ẹnu fáàfù ń jókòó lé. Gáìdì ni ihò gbọọrọ tí ọ̀pá rẹ̀ ń gbà lọ, tó ń gbà bọ̀. Fáàfù tó ń tú èéfín jáde lè pọ́n bí ẹyin iná, ara síìtì ló sì ti ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ nù, kí ìyókù tó gba ara gáìdì jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì àtijọ́, wọn kì í fi òrùka kankan sí i: ara irin tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, gan-an ni wọ́n ń gé síìtì sí. Irin gbígbóná bá ń lu irin, ẹ̀rúnrún rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ fáàfù, á já, á wá di yanrìn tó ń họ síìtì jẹ. Díẹ̀díẹ̀ ni fáàfù á máa rì wọnú tọ́ọ̀pù. Òjé tó bá jóná a máa bo ojú síìtì fẹ́ẹ́rẹ́, irin kò sì ní fara kan irin.

Oògùn náà ní májèlé o. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní ibi tí Standard Oil ti ń ṣe é ní New Jersey. Wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní 1925, wọ́n sì tún gbé e padà sọ́jà ní 1926.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbẹ́kẹ̀ lé òjé nìkan. Sam Heron, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ ní Farnborough kó tó kọjá sí Dayton, gbájú mọ́ ọ̀nà tí ooru lè gbà kúrò lára fáàfù. Ó gbẹ́ inú fáàfù, ó sì fi sódíọ̀mù sí i. Èyí a máa yọ́ ní nǹkan bíi 98°C, a sì máa ṣàn sókè sódò nínú ọ̀pá, tí á fi ru ooru láti ẹnu fáàfù dé ibi gáìdì. Tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù tún mú wàhálà tirẹ̀ wá. Alumíníọ̀mù rọ̀ jù láti ṣe síìtì, ó sì ń wú tó ìlọ́po méjì irin bí ó bá gbóná. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ti òrùka líle bọ inú rẹ̀: wọ́n á gé ihò náà kéré díẹ̀ sí òrùka, wọ́n á yan tọ́ọ̀pù, wọ́n á mú òrùka tutù nini, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ wọlé kí ooru àwọn méjèèjì tó dọ́gba. Èyí tó bá dẹ̀ á tú jáde lórí eré.

Ìmọ̀ yìí wúlò fún ọkọ̀ ilẹ̀ nígbà tí òjé ń lọ. Ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà, tó wọ ọkọ̀ Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu láti 1975, kì í bá òjé gbé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de títà epo olójé fún gbogbogbòò ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní, ọdún 2000, àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ bíi MGB àti Morris Minor sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tọ́ọ̀pù irin wọn lọ fún òrùka líle.

Nílé wa ńkọ́? Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Òjó, l'Ékòó, ní 1975, tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù ló ní, òrùka wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ìjàpá, bí àwọn èèyàn ṣe ń pè é, kò ní kí òjé má lọ. Ooru ló ń dà á láàmú. Nínú àwọn Ìjàpá tí wọ́n ṣe ṣáájú 1971, ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì lára dábùú afẹ́fẹ́ tó yẹ kó fẹ́ sí sílíńdà kẹta, fáàfù èéfín ibẹ̀ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ já.

Lónìí, ẹni tó ń tún tọ́ọ̀pù ọkọ̀ ìdíje ṣe lè yan bó ṣe wù ú. Gáìdì irin kò wọ́n, ó sì ń pẹ́. Ti idẹ ń kó ooru lọ kíákíá, kì í sì tètè di ọ̀pá fáàfù mú bí àlàfo bá há. Fáàfù titanium fẹ́ síìtì bàbà tí wọ́n po beryllium mọ́, ṣùgbọ́n ekuru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gé ní gbangba láìbo imú. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́, òrùka irin líle tó dára ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé tọ́ọ̀pù lọ fún àwọn tó ń gé e, ẹ ní kí wọ́n parí gáìdì kí wọ́n tó fọwọ́ kan síìtì, nítorí inú gáìdì ni ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń gé síìtì ń dúró. Bí gáìdì bá ti jẹ, síìtì tuntun á wọ́.