Bí èèyàn ṣe lè bó èèpo tòmátì láì fi ṣòfò

Nírọ̀lẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń ti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó wà lójú ọ̀nà Ọba Àkran, n'Ìkẹjà, bọ̀ wálé, ọ̀pọ̀ wọn máa ń yà ra ata ọbẹ̀ ní ọjà Ìpodo tàbí ní Agége. Bí kò bá sí iná tí wọ́n yóò fi lọ ata náà, tí ẹlẹ́rọ ìlọta àdúgbò sì ti palẹ̀ mọ́, ọ̀bẹ ni wọ́n ń fi rẹ́ tòmátì sínú epo. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ara tòmátì yóò yọ́, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ kì í yọ́. Ńṣe ni yóò ká kò bí okùn tín-ín-rín, tí yóò máa há àwọn ọmọdé lọ́fun, tí àwọn àgbàlagbà tí eyín wọn kò le mọ́ kò sì ní í lè jẹ ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló ń gbìyànjú láti fi ọ̀bẹ bó èèpo náà, àmọ́ èèpo tòmátì fẹ́lẹ́, ó sì lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tímọ́tímọ́. Kí wọ́n tó bó ẹyọ kan tán, wọ́n ti gé púpọ̀ nínú ara rẹ̀ dànù. Òfò gbáà sì ni èyí, nítorí ọ̀nà jíjìn ni tòmátì Èkó ti ń wá.

Kánò, Kàdúná, Kàtsínà àti agbègbè Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá sí ọjà Máìlì 12, ní Kẹtu, kí ó tó dé Ìkẹjà. Lọ́dún 2016, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná débi pé ìjọba ibẹ̀ kéde rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, tòmátì sì wọ́n bí ojú l'Ékòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà tó wáyé ní ọjà Ṣáṣá, n'Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò Òkè Ọya dáwọ́ kíkó oúnjẹ wá sí Gúúsù dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ti rí irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ní í fẹ́ fi èyí tó bá rí rà ṣòfò.

Omi híhó

Ọ̀nà yìí ló rọrùn jù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é yóò kọ́kọ́ fọ tòmátì, yóò yọ ìdí rẹ̀, yóò sì fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la àgbélébùú kékeré sí orí rẹ̀ lódì kejì. Kí ọ̀bẹ má wọlé jù. Yóò rọra kó o sínú omi tó ń hó yaya fún bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, yóò sì yára kó o sínú omi tútù. Ìgbóná ti tú ohun tó so èèpo mọ́ ara. Omi tútù kò sì ní í jẹ́ kí tòmátì náà jinná. Láti ojú ibi tí ó là, ọwọ́ lásán ni yóò fi ṣí èèpo náà kúrò.

Kò dára kí ó pọ̀ jù nínú omi lẹ́ẹ̀kan, kí omi náà má bàa tutù. Omi kan náà ṣeé lò fún ìgbà bíi mélòó kan, gáàsì kò sì ní í jó dànù. Èyí tí kò tíì pọ́n dáadáa yóò pẹ́ díẹ̀ ju èyí tó rọ̀ lọ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Ẹni tó ní fírísà lè fọ tòmátì, kí ó nù ún gbẹ, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín lódidi. Nígbà tó bá fẹ́ lò ó, yóò fi sínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, èèpo yóò sì yọ̀ bọ́. Irú rẹ̀ máa ń ṣomi, nítorí náà, ọbẹ̀ ló dára fún. Bí iná bá lọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi yọ́ tán, sísè ni kí wọ́n sè é.

Ẹni tí kò ní fírísà lè gé tòmátì sí méjì, kí ó fi ojú ibi tó gé rin ín lára irin tí wọ́n fi ń rin ilá tàbí ewùrà. Ara rẹ̀ yóò bọ́ sínú abọ́, èèpo yóò ṣẹ́ kù sọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún

Èèpo tòmátì kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ní èròjà tó ń mú kí ìgbẹ́ rọrùn, ó sì ní lycopene, ohun tó ń mú tòmátì pupa, tí ara máa ń tètè gbà bí wọ́n bá fi epo sè é. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ tòmátì rẹ̀ kúnná kò nílò láti bó o. Kò sì yẹ kí wọ́n rọ tòmátì tí wọ́n bó sínú ìgò, kí wọ́n dé e pa, kí wọ́n sì gbé e sílẹ̀ lásán. Inú fírísà ni kó wà. Èyí tó bá sì ti hu funfun, kí wọ́n dà á nù. Ní pàtàkì, kí àwọn ọmọdé jìnnà sí omi híhó.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Omi gbígbóná ìṣẹ́jú kan kò ní í jẹ́ kí owó náà bá èèpo lọ sí ààtàn.