Èédú Lójú Òṣèré: Ìkunjú-Dúdú Nínú Sinimá Olórin Hollywood àti Ìdájọ́ Ayé Òde Òní

Láti nǹkan bí ọdún 1830 ni àṣà kan ti gbilẹ̀ lórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, èyí tí a ó máa pè ní ìkunjú-dúdú nínú àròkọ yìí. Nínú àṣà náà, òṣèré aláwọ̀ funfun máa ń fi èédú kun ojú àti ọrùn rẹ̀, yóò fi ọ̀dà funfun tàbí pupa ya ètè rẹ̀ kí ó lè nípọn ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ, yóò wọ àkísà tàbí aṣọ aláràbarà, yóò sì máa sọ̀rọ̀, máa kọrin, máa jó bí ẹni pé ẹrú aláwọ̀ dúdú ni òun, kí àwọn òǹwòran lè fi ẹrú náà ṣẹ̀sín. Èédú ìdáná kọ́ ni wọ́n ń lò. Kọ́ọ̀kì, ìyẹn èdídí ẹnu ìgò ọtí, ni wọ́n máa ń sun, tí wọ́n á lọ̀ kúnná, tí wọ́n á sì fi omi pò. Nígbà tí sinimá olórin, ìyẹn fíìmù tó jẹ́ pé orin àti ijó ló gbé ìtàn inú rẹ̀ ró, dé sí Hollywood ní ìparí àwọn ọdún 1920, ó bá àṣà yìí nílẹ̀, ó sì jogún rẹ̀. Lónìí tí àwọn fíìmù náà ń dé ojú ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé ayé ìgbà náà kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe burú, àti pé kò tọ́ kí a fi òfin òní dá ẹjọ́ àná. Ìtàn kò gbè sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ àṣà náà ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti ń kígbe. Etí tó yẹ kó gbọ́ ni kò gbọ́.

Òṣèré kan tó ń jẹ́ Thomas Rice ló sọ àṣà náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká pẹ̀lú orin àti ijó tí ó pè ní Jump Jim Crow, nínú èyí tí ó ti ń sín aláwọ̀ dúdú kan jẹ. Ní ọdún 1843, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí Dan Emmett wà lára wọn kóra jọ ní New York lábẹ́ orúkọ Virginia Minstrels, àwọn ni wọ́n sì sọ eré ṣókí-ṣókí di odindi eré alẹ́ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní eré minstrel. Báńjò tí wọ́n ń ta, ohun èlò orin tí àwọn ẹrú gbé ìmọ̀ rẹ̀ wá láti Áfíríkà ni; orin àti ijó wọn pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá fi san án padà ni àwòrán aláwọ̀ dúdú gẹ́gẹ́ bí ọ̀lẹ, olè, òmùgọ̀, àti ẹni tí oko ẹrú dùn mọ́, lásìkò tí iye àwọn tó wà lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà ń pọ̀ sí i títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4 ní ọdún 1860. Nígbà tó yá, orúkọ Jim Crow kan náà ni wọ́n fi ń pe àwọn òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1848, Frederick Douglass, tí òun fúnra rẹ̀ ti sá kúrò lóko ẹrú ní ọdún 1838, ti bẹnu àtẹ́ lu àwọn onítàgé wọ̀nyí nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, The North Star, ó sì pè wọ́n ní olè tó jí àwọ̀ àwọn ẹlòmíràn láti fi pa owó.

Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní ọdún 1865, àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ jẹun nídìí iṣẹ́ ìtàgé bá ara wọn nínú ìdè mìíràn, nítorí pé àwọn òǹwòran kò fẹ́ rí wọn àfi bí wọ́n bá fara wé ẹni tó ń sín wọn jẹ. Bert Williams, tí wọ́n bí ní erékùṣù Bàhámà ní ọdún 1874, tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aláwàdà tó mọṣẹ́ jù lọ nígbà ayé rẹ̀, ní láti fi èédú kun ojú tó ti dúdú tẹ́lẹ̀. Òun àti George Walker ni wọ́n gbé eré olórin In Dahomey lọ sí Broadway ní New York ní ọdún 1903, tí wọ́n sì tún gbé e dé London, níbi tí wọ́n ti ṣe é ní ààfin ọba. Orúkọ Dàhómì, ilẹ̀ tí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ wà nínú rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Faransé, tí a mọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀ lónìí, di ohun tí wọ́n ń kọ lórin ní ìlú òyìnbó, síbẹ̀ ẹni tó gbé orúkọ náà dé ibẹ̀ kò lè fi ojú ara rẹ̀ hàn. Ní ọdún 1913, Williams kópa nínú fíìmù kan tí kò jáde títí ó fi kú ní ọdún 1922. Nígbà tí ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà MoMA ní New York tún àwọn fọ́nrán rẹ̀ tò, tí wọ́n sì fi í han gbogbo ayé ní ọdún 2014, wọ́n rí i pé òun nìkan ló kunjú, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú yòókù ń jó, tí wọ́n ń fẹ́ra wọn, tí wọ́n sì ń ṣeré pẹ̀lú ojú tí Ọlọ́run fún wọn.

Fíìmù tó ṣí ilẹ̀kùn ohùn sínú sinimá gan-an, The Jazz Singer, tí ilé iṣẹ́ Warner Bros. gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1927, orí ìkunjú-dúdú ni ó gúnlẹ̀ sí. Al Jolson, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Lithuania, ló ṣe ọmọ akọrin sínágọ́gù tó fi iṣẹ́ baba rẹ̀ sílẹ̀ nítorí orin jáàsì, ó sì kọrin sí ìyá rẹ̀ ní ìparí fíìmù náà pẹ̀lú èédú lójú. Àwọn onímọ̀ ìtàn, bíi Michael Rogin nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1996, ṣàlàyé pé èédú náà ni àwọn àlejò láti Yúróòpù fi wọ ẹgbẹ́ àwọn funfun Amẹ́ríkà, nítorí pé ẹni tó bá lè kun ara rẹ̀ ní dúdú kí ó sì tún wẹ̀ ẹ́ nù ti fi hàn pé òun kì í ṣe dúdú. Ní ọdún 1930, àwọn funfun méjì tó ń ṣe Amos 'n' Andy, eré àwàdà nípa aláwọ̀ dúdú méjì, lórí rédíò kunjú láti ṣe fíìmù Check and Double Check, níbi tí ẹgbẹ́ olórin Duke Ellington ti kọrin. Nítorí pé àwọ̀ méjì nínú àwọn olórin Ellington mọ́lẹ̀, àwọn tó ń ṣe fíìmù náà fi ọ̀dà sọ wọ́n di dúdú, kí òǹwòran má baà rò pé funfun àti dúdú jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú, Pittsburgh Courier, ń kó ìbuwọ́lùwé jọ láti fi òpin sí ètò Amos 'n' Andy lórí rédíò, ṣùgbọ́n ètò náà ń bá a lọ.

Nínú Swing Time ti ọdún 1936, Fred Astaire kunjú láti jó ijó kan tí wọ́n ní ó jẹ́ ìjúbà fún Bill Robinson, àgbà oníjó aláwọ̀ dúdú. Àwọn onímọ̀ ijó tọ́ka sí i pé aṣọ àti ìgbésẹ̀ Astaire jọ ti John Bubbles, oníjó aláwọ̀ dúdú mìíràn, ju ti Robinson lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé ìjúbà náà kò dárúkọ ẹni tó tọ́ sí. Mickey Rooney àti Judy Garland kunjú nínú Babes in Arms ti 1939 àti Babes on Broadway ti 1941, tí ilé iṣẹ́ MGM ṣe fún gbogbo ìdílé láti wò, tọmọdé-tàgbà. Èyí tó ya ni lẹ́nu jù ni Holiday Inn ti ọdún 1942, níbi tí Bing Crosby àti Marjorie Reynolds ti kunjú láti kọrin ọjọ́ ìbí Abraham Lincoln, ààrẹ tó kéde òmìnira àwọn ẹrú. Bí àwọn funfun tó kunjú ṣe ń kọrin lórí ìtàgé, Louise Beavers, òṣèré aláwọ̀ dúdú tó ṣe alásè, ń kọ orin kan náà fún àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Dúdú tòótọ́ wà lẹ́yìn ààrò, dúdú ayédèrú wà níwájú òǹwòran; nínú ìran kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìtàn ìkunjú-dúdú pé sí.

Owó àti òfin ló fìdí ìyàsọ́tọ̀ yìí múlẹ̀. Ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ Hollywood fọwọ́ sí ní ọdún 1930 ka ìfẹ́ láàárín dúdú àti funfun léèwọ̀, àwọn tó ni ilé sinimá ní gúúsù kò sì fẹ́ aláwọ̀ dúdú tó níyì lójú fíìmù, débi pé wọ́n máa ń ya apá tí Lena Horne, akọrin aláwọ̀ dúdú, ti kọrin sọ́tọ̀ kí wọ́n lè gé e kúrò láìba ìtàn jẹ́. Ní ọdún 1942 kan náà tí Holiday Inn jáde, Walter White, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ NAACP tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1909 láti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ bá àwọn olórí ilé iṣẹ́ fíìmù ní Hollywood pé kí wọ́n yéé fi dúdú hàn bí ìránṣẹ́ àti òmùgọ̀ nìkan. Irú ìjà yìí ló mú kí àṣà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú fíìmù Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń parí lọ. Ní Bìrìtìkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ń gbé, BBC ṣe The Black and White Minstrel Show lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1958 títí di 1978, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan tó ń gbógun ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ ní ọdún 1967 pé kí wọ́n dá a dúró. Àwòrán náà tilẹ̀ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: àwọn òṣèré concert party, ìyẹn eré orin àti àwàdà alárìnkiri, ní Gold Coast, tí ó di Gánà, àti ní Tógò, máa ń fi èédú kunjú, wọ́n á sì fi funfun yí ẹnu po, láìka àṣà náà sí ẹ̀gàn fún ẹ̀yà wọn.

Ìhà mẹ́ta ni ayé òde òní kọ sí àwọn fíìmù wọ̀nyí. Ìhà kìíní ni gígé, bí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ṣe máa ń yọ ìran Lincoln kúrò nínú Holiday Inn kí wọ́n tó fi í hàn nígbà Kérésìmesì. Ìhà kejì ni fífi ẹ̀rí náà lélẹ̀ gbangba: ní ọdún 2000, Spike Lee, adarí fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà, to àwọn ìran ìkunjú-dúdú láti inú fíìmù àtijọ́ pọ̀ ní ìparí fíìmù rẹ̀, Bamboozled, kí òǹwòran má baà rí ibi gbójú sá, bẹ́ẹ̀ sì ni Zadie Smith, òǹkọ̀wé ọmọ Bìrìtìkó, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ti ọdún 2016, Swing Time, pẹ̀lú obìnrin kan tó fẹ́ràn ijó Astaire láti kékeré, tó sì dàgbà tán kó tó rí èédú tó wà lójú oníjó náà. Ìhà kẹta ni àlàyé. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ní Minneapolis ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, tí BBC àti Netflix sì yọ eré apanilẹ́rìn-ín Little Britain kúrò nítorí ìkunjú-dúdú, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n TCM yan ọ̀nà mìíràn ní oṣù Kẹta ọdún 2021: wọ́n fi fíìmù àtijọ́ 18 hàn, The Jazz Singer àti Swing Time wà lára wọn, àwọn atọ́kùn márùn-ún, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Jacqueline Stewart jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, sì ń ṣàlàyé ohun tó níyì àti ohun tó ń dunni nínú wọn.

Yorùbá tó bá ń ka ìtàn yìí lè béèrè pé kí ló burú nínú àfarawé, nígbà tí eégún alárìnjó pàápàá máa ń gbé ìrísí Tápà àti òyìnbó jáde fún ẹ̀rín. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Kò sí òyìnbó tí eégún lé kúrò lórí ìtàgé, kò sì sí òfin tí wọ́n fi ère òyìnbó ṣe tó gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ìkunjú-dúdú kò sí nínú èédú fúnra rẹ̀, bí kò ṣe nínú pé alágbára fi ojú aláìlágbára ṣe ọjà, ó sì ti ilẹ̀kùn ọjà náà mọ́ ẹni tó ni ojú. Ìdí nìyí tí gígé ìran náà sọ nù kò fi tó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí a bá gé orin Lincoln kúrò nínú Holiday Inn, Louise Beavers ṣì wà nínú ilé ìdáná, ẹ̀rí tó yẹ kó ṣàlàyé ìdí tó fi wà níbẹ̀ nìkan ni a ti gé sọ nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi wọ́n hàn láìsọ ohunkóhun kò dára, nítorí pé ọmọ tó kọ́kọ́ rí ara rẹ̀ nínú yẹ̀yẹ́ lè gba yẹ̀yẹ́ náà gbọ́.

Ohun tó tọ́ ni pé kí àwọn fíìmù náà wà ní odindi, kí àlàyé ṣáájú wọn, kí orúkọ Bert Williams, John Bubbles, Bill Robinson, Lena Horne àti Louise Beavers sì di ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ pa pọ̀ mọ́ orúkọ Jolson, Astaire àti Crosby. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ mọ́ pé àwọn ènìyàn ìgbà náà kò mọ̀. Frederick Douglass ti sọ fún wọn ní ọdún 1848, ọdún 79 ṣáájú kí Jolson tó fi èédú lójú kọrin sí ìyá rẹ̀ nínú The Jazz Singer.