Arọ Tí Ó Gbọ́n: Ìtàn Katakata Tí A Ń Fi Ọwọ́ Nìkan Wà

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún, kí ó lè tètè múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, arọ gan-an ni olùkọ́ inú òwe náà. Òwe kò wí pé kí ẹlẹ́sẹ̀ gbé arọ sá. Ohun tí ó ń wí ni pé arọ yóò ti ronú ohun tí yóò ṣe kí ogun tó dé. Ìtàn ẹ̀rọ jẹ́rìí sí èyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wá ọgbọ́n tí wọn yóò fi máa rìn, tí wọn yóò fi máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn wọn ni ìjọba àti àwọn onímọ̀ ń tọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1655, nítòsí ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, Stephan Farffler, aṣeaago tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn, kan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó ń fi ọwọ́ yí. Kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ nígbà náà. Ọgbọ́n eyín irin tí ó fi ń ṣe aago ni ó lò fún kẹ̀kẹ́ náà. Ní nǹkan bí ọdún 1933, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Herbert Everest, ẹni tí ìjàǹbá ibi ìwakùsà sọ di aláìlèrìn, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Harry Jennings, jọ ṣe àga oníkẹ̀kẹ́ tí ó ṣeé ká, tí ó ṣeé gbé sínú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan ni kí ènìyàn rìn, ohun mìíràn ni kí ó roko. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni àwọn tí ó ṣe katakata ní lọ́kàn. Ẹsẹ̀ òsì ni a fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni a fi ń tẹ bíréèkì. Bíréèkì ọ̀hún pàápàá sì sábà máa ń jẹ́ méjì, ọ̀kan fún táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ lè yí po ní ibi tóóró. Nítorí náà, àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣẹ́, tàbí tí ogun tàbí ẹ̀rọ oko gé lẹ́sẹ̀, kò pàdánù ẹsẹ̀ nìkan. Ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ń bọ́ lọ, orúkọ àgbẹ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ sì ń bá a lọ. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tún fi kún iye wọn: ní ọdún 1952 nìkan, nǹkan bí 58,000 ènìyàn ni ó kọ lù ní ilẹ̀ náà.

Kí ni irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe? Páìpù irin ni ó ń wá. Yóò fi bóòtù de páìpù náà mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lára kílọ́ọ̀ṣì, yóò sì jẹ́ kí orí rẹ̀ gòkè dé ibi tí ọwọ́ lè tó. Kílọ́ọ̀ṣì le, bí páìpù bá gùn, yóò fúyẹ́ fún ọwọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ yóò ní láti tì í jìnnà kí ó tó ṣiṣẹ́. Apá ẹni tí yóò wà á ni a fi ń wọn ọ̀n. Yóò ṣe ìkọ́ kan tí yóò di kílọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí ọwọ́ bá lọ pààrọ̀ jíà. Yóò so bíréèkì méjèèjì pọ̀ mọ́ ọ̀pá kan, yóò sì de kókó róbótó mọ́ sítíárìn kí ọwọ́ kan lè máa yí i. Ní ti àtigun orí katakata, àwọn kan lo agbára epo tí ẹ̀rọ fi ń gbé ohun èlò oko sókè láti fi gbé ara wọn.

Katakata kékeré tí a fi ń gé koríko àyíká ilé tún jẹ́ kí ọ̀nà là sí i. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni a ti ń ṣe irú èyí tí epo tí a ń tì gba inú ẹ̀rọ ń yí táyà rẹ̀. Kò sí pé à ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí a tó pààrọ̀ jíà: ọ̀pá kan ṣoṣo ni ó ń mú un lọ síwájú, òun náà ni ó ń dá a padà. Níbi tí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni a fi ń darí rẹ̀, páìpù kan péré ti tó láti gbé e wá sọ́wọ́. Ohun tí a ṣe fún ìrọ̀rùn ẹlẹ́sẹ̀ wá di ìlẹ̀kùn fún aláìlẹ́sẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ gbà-má-póò-rọ́wọ́-mi. Bí katakata bá fẹ́ dojú dé, ẹlẹ́sẹ̀ lè bẹ́. Arọ kò lè bẹ́. Ó yẹ kí ó de ara rẹ̀ mọ́ àga, ṣùgbọ́n bí kò bá sí férémù irin tí ó ga ju orí lọ, ìgbànú náà yóò dè é mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ ni. Ẹni tí ìdí rẹ̀ ti kú tipiri kò ní mọ̀ ìgbà tí àga líle bá dá egbò sí i lára. Ó sì yẹ kí bíréèkì ọlọ́wọ́ jẹ́ ohun tí ó sún mọ́ni, tí kò ní já nígbà tí a bá nílò rẹ̀ jù.

Nítorí irú ewu wọ̀nyí ni ó fi ṣe pàtàkì kí ẹnì kan má fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 1958, ìwé ìròyìn kékeré kan, Toomey j Gazette, bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí àwọn tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ti ń sọ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe fún ara wọn. Ní ọdún 1979, Yunifásítì Purdue ní ìpínlẹ̀ Indiana dá ètò Breaking New Ground sílẹ̀ láti ran àwọn àgbẹ̀ aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Wọ́n kó ọgbọ́n tí àwọn àgbẹ̀ ti dá jọ sínú ìwé, kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ọdún 1990 ni ó wá fi owó ìjọba ti irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn, lábẹ́ ètò AgrAbility, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991.

Ẹ kíyè sí bí ó ṣe tò: páìpù àgbẹ̀ ni ó ṣáájú, yunifásítì tẹ̀lé e, òfin sì kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi ọwọ́ yí kì í ṣe àjèjì ní ìgboro Ìbàdàn àti Èkó. Ọwọ́ wẹ́dà àdúgbò ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde, ìlànà rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Farffler. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n òfin kì í wa katakata. Ẹni tí yóò bá ṣe ohun èlò fún arọ, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti arọ, kí ó wo ohun tí òun náà ti dá lọ́gbọ́n. Ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tí ó wúwo. Òun ni ó sì mọ ibi tí a ó ti bá a gbé e.